Kánsẹ́lọ̀ Tí Kì Í Kúnlẹ̀ ní Pápá Gọ́ọ̀fù Linnet

Ọjọ́ tí Kánsẹ́lọ̀ Cornelius Oyèníran kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, afẹ́fẹ́ ló gbá. Ó fẹsẹ̀ lélẹ̀, ó fẹ àyà, ó gbé ọ̀pá sókè bí ẹni tó fẹ́ la Peckham sí méjì, ó sì fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un sọ ọ́ kalẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò mira. Fìlà orí rẹ̀ nìkan ló kúrò níbi tó wà. Ẹyẹ kan dún lórí igi kí Jabez, akọ̀wé rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Háà, Ọ̀gá! Ẹ wo bí ẹ ṣe dẹ́rù bà á! Bọ́ọ̀lù yẹn ti mọ ẹni tó ń bá ṣeré báyìí!"

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín náà kó jọ díẹ̀, ẹ óò rí ibi ná an sí.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ ló gbá. Ègé koríko tó tó àwo ìrẹsì fò lọ síwájú, bọ́ọ̀lù sì jókòó síbi tó wà, ó ń wò ó. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ọ̀pá rọra kan bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí lọ sínú èsìsì lápá ọ̀tún. Ihò tó yẹ kó wọ̀ wà lápá òsì. Ṣùgbọ́n Jabez ti sáré lọ síwájú, ó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá tó wà lójú ihò, ó sì figbe ta pé, "Ó wọlé! Ọ̀gá, ó wọlé!"

Kánsẹ́lọ̀ yíjú sí Alhaja Mìsítúrà, ìyá tó ń bójú tó pápá náà. "Mummy, ẹ̀yin lẹ mọ eré yìí. Ṣé lóòótọ́ ló wọlé?"

Bó ṣe ń bi í yẹn, Mìsítúrà ń wo bọ́ọ̀lù náà nínú èsìsì. Funfun rẹ̀ hàn ketekete. Ṣùgbọ́n àlejò ni ọkùnrin náà, àgbàlagbà ni, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àdéhùn tí ìdílé rẹ̀ fi ń lo ilẹ̀ náà máa parí lọ́dún yẹn, ọwọ́ ọkùnrin yìí gan-an ni títún un ṣe wà. Ìdajì ọ̀wọ̀, ìdajì ìbẹ̀rù, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ni ó wí. "Ó wọlé."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló kù díẹ̀ kó gba pápá lọ́wọ́ Mìsítúrà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin náà hàn yín dáadáa. Lórí káàdì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Honourable Councillor Dr. Evang. Chief Cornelius Oyèníran. Ojú kan káàdì kò gba orúkọ náà tán, ẹ ní láti yí i sẹ́yìn kí ẹ tó rí nọ́ńbà fóònù. Dókítà yẹn, ẹ má bi mí irú àìsàn tó ń wò. Ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀ kan ló lọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Croydon, ó sì bá Dókítà bọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, èyí tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn Old Kent Road, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé, kí pásítọ̀ lè dá ìwàásù dúró láti kí i káàbọ̀. Kánsù fi í ṣe alábòójútó pápá àti ibi ìṣeré. Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ náà kò ju pé kó rí i pé wọ́n gé koríko, wọ́n kó ìdọ̀tí, jangirọ́fà àwọn ọmọdé kò sì já. Ṣùgbọ́n òun gbà pé gbogbo ohun tó bá ti láwọ̀ ewé láti Walworth títí dé Peckham Rye ló wà lábẹ́ àṣẹ òun, títí kan ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà ní East Street.

Pápá Linnet tó wá yìí kò tóbi rárá. Ẹ̀yìn àwọn ilé alájà gíga kan ní Peckham ló wà, ihò mẹ́sàn-án péré ló ní. Lẹ́yìn ogun ńlá ti òyìnbó, kòtò bọ́ǹbù ló kún ibẹ̀. Òyìnbó kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, bàbá ìyá kan tó ń jẹ́ Agnes, ló kó àwọn ará àdúgbò jọ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ dí kòtò, wọ́n sì gbin koríko lé e. Ìgbà tí wọ́n dí i tán ni wọ́n tó bi ara wọn pé kí ni kí àwọn máa ṣe lórí rẹ̀, ni ẹnì kan bá fi àwàdà sọ pé gọ́ọ̀fù. Bí eré àwọn olówó ṣe di eré ẹni gbogbo nìyẹn. Títí dòní, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń gbá a níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iṣẹ́ òru ń gbá a, àwọn ìyá tó ti mọ́ṣáláṣí dé máa ń gbá a pẹ̀lú híjáàbù lórí.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni tó bá fi ọ̀pá gé koríko, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀, yóò dá ègé náà padà sí ojú rẹ̀, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í rán ọmọ, wọn kì í bẹ ọ̀rẹ́. Pásítọ̀ ti kúnlẹ̀ níbẹ̀, ìmáàmù ti kúnlẹ̀ níbẹ̀, adájọ́ kan tilẹ̀ kúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó sì dìde pẹ̀lú aláwọ̀ méjì.

Agnes kò bímọ. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, òun nìkan ló ń ti ẹ̀rọ ìgékoríko káàkiri. Ọkọ Mìsítúrà, Làtíìfù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń fọ ọ́fíìsì nígbà náà, máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dá a padà títí tó fi kú. Agnes fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, kánsù kọ àdéhùn ilẹ̀ sí orúkọ rẹ̀. Orí koríko yẹn ni Hameedah, ọmọ wọn obìnrin, ti kọ́ ìrìn. Nígbà tí Làtíìfù kú, Mìsítúrà àti Hameedah ló kù lẹ́nu iṣẹ́, Agnes tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ sì ń wá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ wá rí irú ilẹ̀ tí ọkùnrin wa yìí tẹ̀ wọ̀.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó ń wá ní gbogbo Sátidé. Jabez náà kò sùn. Ó lọ tẹ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi wúrà kọ OYÈNÍRAN sí lára, ó sì gé ihò tó há díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì, tí bọ́ọ̀lù kò fi ní í bọ́ àfi tó bá gbọn ẹsẹ̀ tàbí ká a. Ibi tí Ọ̀gá bá gbá tirẹ̀ lọ kò kàn án mọ́. Yóò sáré ṣíwájú, yóò dúró ti ihò, yóò gbọn ẹsẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí èèrà wọ̀ lára, bọ́ọ̀lù kan yóò sì gba inú ṣòkòtò já bọ́. "Ó wọlé!" Kánsẹ́lọ̀ yóò wo Mìsítúrà. Mìsítúrà yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Nígbà tó máa pé oṣù méjì, ọkùnrin náà ti ń sọ pé òun gbọ́n ju àwọn tó ń gbá a lórí tẹlifíṣọ̀n lọ. Ó pe Hameedah, tó ti ń gbá gọ́ọ̀fù láti ìgbà tí ọ̀pá ti ga jù ú lọ, ó ní kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú. Ó fi hàn án. Ó di í mú ní orí.

Ní ti ká kúnlẹ̀, ẹ má dá a lábàá. Bó bá ti gé ilẹ̀, ó ti kọjá lọ nìyẹn. "Leave it," ni yóò wí. "Ilẹ̀ náà á máa fi ṣe ìrántí mi." Bó bá ti lọ tán, Mìsítúrà àti ọmọ rẹ̀ á kúnlẹ̀ máa dí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tí òun nìkan gé nírọ̀lẹ́ kan ju èyí tí gbogbo Peckham gé lóṣù kan. Òfin kan ṣoṣo tí Làtíìfù fi sílẹ̀, ojú Mìsítúrà ni wọ́n ṣe ń rú u, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ó ń dùn ún.

Ní Sátidé kan, Agnes ń ti kẹ̀kẹ́ ọ̀pá rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ó sì kọjá níwájú Kánsẹ́lọ̀. Ó tilẹ̀ kí i. Inú bí Kánsẹ́lọ̀ débi pé kò lè gbá afẹ́fẹ́ tó máa ń gbá. Kí ọjọ́ náà tó parí, Jabez ti kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà: LÁTI ÒNÍ LỌ, ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢÍWÁJÚ HONOURABLE LÓRÍ PÁPÁ YÌÍ. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin náà bá ń wá bọ́ọ̀lù nínú igbó, gbogbo ènìyàn á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa dúró. Jabez tó kọ òfin nìkan ló ń rú u. Ta ló máa bi í?

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, Kánsẹ́lọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n sì ta bánà rọ́bà ńlá kan sára ilé onípákó tí Mìsítúrà ń lò fún ọ́fíìsì. Ojú ọkùnrin náà ló kún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan eyín rẹ̀ tó ìrọ̀rí. Lábẹ́ eyín náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: OYÈNÍRAN HERITAGE GOLF AND COUNTRY CLUB.

"Mummy," ni ó wí, ó sì gbé ọwọ́ lé Mìsítúrà léjìká bí ẹni ń kí olóòkú, "ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ sinmi."

"Sinmi bí ti báwo, sà?"

"Àdéhùn yín ń parí, I am not renewing it. A máa fi géètì sí ẹnu ọ̀nà, members only, kóòtù àti táì. Gbogbo àwọn tó ń wọ sílípáàsì wá síbí yẹn, a máa wá bọ́ọ̀sì tó máa gbé wọn lọ sí Brixton."

Mìsítúrà na ọwọ́ sí koríko. "Sà, iṣẹ́ ọkọ mi nìyí. Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé kò sí ihò tí mi ò gbá wọ̀ níbí. Mo ti sọ fún Lídà, olórí kánsù wa, pé Alhaja ni ẹlẹ́rìí mi. Níbi tí champion bá wà, ṣé ìyá arúgbó ló yẹ kó di kọ́kọ́rọ́ mú? Lídà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ wá fi ojú ara wọn rí i ní Sátidé tó ń bọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i." Ó wá na ọwọ́ sí bánà. "Ẹ wo orúkọ yẹn, Mummy. Gbogbo Peckham ló máa kúnlẹ̀ fún orúkọ yẹn. Mark my words."

Jabez ní, "Àmín, Ọ̀gá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mìsítúrà wọ inú ilé onípákó, ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún. Agnes wà níbẹ̀, ó ń mu tíì. Hameedah dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ka apá lé àyà.

"Mummy, I'm sorry, but ẹ̀yin lẹ ń sọ fún ọkùnrin yẹn pé ó wọlé. Every single week. Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?"

"Hameedah, ṣé kí n wá máa sọ fún àgbàlagbà lójú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n gbá? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn? Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un."

"That's not ọ̀wọ̀, Mummy. Ẹ̀rù ni."

Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún Agnes. Ìyá arúgbó náà gbé ife kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Ó ní ṣé Mìsítúrà mọ ohun àkọ́kọ́ tí Làtíìfù bá òun sọ láyé yìí? Òun ń ti ẹ̀rọ lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá òun dúró, ó tẹrí ba, ó ní, "Ma, ẹ ò mọ koríko gé." Agnes na ìka sókè. Ó ní, "Ó fi 'ma' sí i o. Èmi náà ò sì bínú."

Mìsítúrà nu ojú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ nǹkan tuntun nípa ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀ láàárín ìbànújẹ́ náà. Ó dìde láti lọ gba atẹ́gùn, ó sì dúró níwájú pátákó tí Jabez kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Hameedah," ni ó wí, "ní Sátidé, gbogbo àṣẹ Honourable la máa pa mọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá, a ò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ná ẹ̀rín yín báyìí.

Sátidé náà pé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Kánsẹ́lọ̀ wá, àwọn ará mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ wá, àwọn aládùúgbò yọ orí lójú fèrèsé. Lídà kánsù dé pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó obìnrin kan tí kì í pọ̀rọ̀ ni, ó wọ kóòtù tó dára. Wọ́n gbé àga ńlá kan kalẹ̀ fún Kánsẹ́lọ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó ti ní gbohùngbohùn lọ́wọ́.

"Your Worships! Your Excellencies! Fellow golfers!" Kò sí Worship kankan níbẹ̀, Excellency tó sún mọ́ wọn jù lọ wà ní ẹ́ḿbásì. "Ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún yín! Nígbà tí Scotland ṣì wà nínú òkùnkùn, àwọn baba ńlá mi ti ń fi ọmọ odó gbá ekùrọ́ wọ ihò òkété! Òyìnbó kan ń kọjá lọ, ó rí i, ó sáré lọ sílé, ó ní òun ló dá a sílẹ̀. I have forgiven him!"

"Ìtàn ńlá, Ọ̀gá!" ni Jabez kígbe.

"Nígbà tí bàbá mi sì dé ìlú yìí, òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ pápá yìí dó!"

Bàbá rẹ̀ wá sí London lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òtútù lé e padà kó tó tú báàgì. Agnes, tí bàbá tirẹ̀ fi orúnkún dí ilẹ̀ náà, gbọ́ èyí láti orí àga rẹ̀. Ó bi Hameedah bóyá ara ọkùnrin náà yá.

Kánsẹ́lọ̀ gbé ọ̀pá. Ó kọ́kọ́ ya fọ́tò. Ó wá fẹ àyà, ó sì gbá afẹ́fẹ́ kan tó lágbára.

Jabez ti fẹsẹ̀ lé eré, ó fẹ́ lọ dúró ti ihò. Mìsítúrà dì í mú ní apá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ọmọ mi, níbo lò ń lọ?"

"Mummy, ẹ fi mí sílẹ̀, mo fẹ́ lọ wo..."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣíwájú Honourable." Ó fi ẹnu tọ́ka sí pátákó. "Òfin yín ni. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́kọ́ dójú ti Ọ̀gá lójú Lídà?"

Jabez wo pátákó. Ó wo Ọ̀gá. Òógùn bò ó. Ó padà sẹ́yìn, ó dúró bí igi, àpò rẹ̀ méjèèjì kún fún bọ́ọ̀lù tí kò rí ibi lọ.

Kánsẹ́lọ̀ ń dúró de igbe "Ó wọlé!" Igbe kò wá. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rí i pé bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́sẹ̀ òun. Ojú rẹ̀ rú. Ó tún gbá a. Koríko fò. Ó gbá a sí i, koríko tún fò, ọ̀kan bà lé bàtà ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀. Ẹni tó ti ń gbá a wọlé láti oṣù kẹfà kò mọ ohun tó ń ṣe òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a ṣáá bí ẹni ń pa ejò, ilẹ̀ iwájú rẹ̀ sì di ebè. Níkẹyìn, ọ̀pá bá bọ́ọ̀lù pàdé. Bọ́ọ̀lù dìde, ó fò kọjá lórí àga ńlá, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì dá ihò sí imú ọkùnrin tó wà lórí bánà. Láti oṣù kẹfà tó ti ń wá, ihò kan ṣoṣo tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ̀ nìyẹn.

Àwọn tó wà lójú fèrèsé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ gbìyànjú títí, kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra.

"It's the wind!" ni Kánsẹ́lọ̀ kígbe. Ewé kan kò mì.

Lídà bọ́ síwájú. Ó bi Hameedah bóyá òun lè dán an wò. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù lọ díẹ̀, koríko tínńtín kan sì ṣí. Ó fẹ́ máa kọjá lọ nígbà tí Hameedah sọ òfin pápá fún un, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, àti kòtò bọ́ǹbù, àti àwọn tó kúnlẹ̀ dí i. Lídà wo ilẹ̀. Ó wo kóòtù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù náà, ó dá koríko padà, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sì dìde. Àwọn ará Pápá Linnet pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ.

Ojú gbogbo ènìyàn wá lọ sára Kánsẹ́lọ̀ tó dúró láàárín ebè rẹ̀. Mìsítúrà rìn lọ bá a.

"Sà, koríko yín nìyí."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí ẹ kúnlẹ̀ dí i, sà. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Èmi! Honourable! Kí n kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀! Níwájú ta ni?" Ó bojú wẹ̀yìn. "Jabez! Wá kúnlẹ̀ bá mi dí i! Now!"

Jabez kò fẹ́ kúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, orúnkún mi." Kánsẹ́lọ̀ tún kígbe. Jabez kúnlẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ká báyìí, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n ń yọ lápá ọ̀tún, wọ́n ń yọ lápá òsì, wọ́n ń yí lọ sí ẹsẹ̀ ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, OYÈNÍRAN ń kọ mànà lára wọn. Lídà bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan. Ó béèrè pé kí nìwọ̀nyí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń purọ́ láti oṣù kẹfà, tí orúnkún rẹ̀ wà nínú ẹrọ̀fọ̀, kò ní irọ́ kankan mọ́.

"Ma," ni ó wí, "àwọn tó máa ń wọlé nìyẹn."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kánsẹ́lọ̀ ya ẹnu, ó wo Jabez, ó wo bọ́ọ̀lù, ó sì wo Mìsítúrà. Nígbà yẹn ni Mìsítúrà rí i pé lóòótọ́ ni ọkùnrin náà kò mọ̀. Ó ti gbà wọ́n gbọ́. Ojú ti Mìsítúrà, nítorí ẹnu tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì tẹrí ba. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí ọ̀rọ̀ kan sọ, Kánsẹ́lọ̀ ti gbé ẹsẹ̀, ó ti ń lọ, ó sì la pápá kọjá dé ẹnu ọ̀nà láìsí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Àṣẹ rẹ̀ ṣẹ dópin.

Lídà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí àdéhùn tuntun fún Mìsítúrà àti Hameedah. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba pápá àti ibi ìṣeré kúrò lọ́wọ́ Cornelius. Nígbà tí ìbò dé, àwọn ará àdúgbò gba ìyókù. Jabez rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta fóònù, wọ́n ní ó mọ ọjà tà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Cornelius tún pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, pásítọ̀ kò sì dá ìwàásù dúró. Aṣèrànwọ́ kan fi ìka sí ètè, ó juwọ́ sí àga ẹ̀yìn fún un.

Ó wá ku bánà. Mìsítúrà kì í sọ ohun tó ṣeé lò nù. Òjò London kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, àwọn tó ń kúnlẹ̀ dí koríko sì ti ń ráhùn tipẹ́ pé aṣọ àwọn ń bàjẹ́. Rọ́bà gidi ni, kò ní í gbomi. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà nínú agbọ̀n. Ẹni tó bá gé ilẹ̀ á mú ègé kan, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á sì kúnlẹ̀ lé e. Ọ̀kan mú OYÈ, ọ̀kan mú NÍRAN, ọ̀kan mú etí ọ̀tún. Bí gbogbo Peckham ṣe ń kúnlẹ̀ fún orúkọ náà nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín ti sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Mìsítúrà rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń pa agboòrùn dé. Kò sí ẹni tó ń gbé báàgì fún un, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ọ̀pá.

"Ẹ káàárọ̀, Alhaja," ni Cornelius wí. Òun ló kọ́kọ́ kí ènìyàn, ó sì dún bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ wọlé."

Ó fẹsẹ̀ lélẹ̀. Kò fẹ àyà. Ó gbá a, koríko ṣí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù lọ. Ó lọ dáadáa fún tirẹ̀, ó yí lórí koríko tútù, ó sì dúró síbì kan nítòsí àsíá. Cornelius bojú wẹ̀yìn bí ìṣe rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó wá wo ilẹ̀ tó gé.

Mìsítúrà mú ègé bánà kan nínú agbọ̀n, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Eyín ló wà lára èyí tó mú. Ẹ óò ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, mi ò ní bá yín jiyàn. Cornelius mọ eyín ara rẹ̀. Ó wo eyín náà, eyín náà ń wò ó. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó di ọ̀pá mú, ó fi orúnkún kan lélẹ̀, lẹ́yìn náà ìkejì. Ó dá koríko padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, kò lè rí ihò.

"Alhaja," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, "ṣé ó wọlé?"

Mìsítúrà wo iwájú. Bọ́ọ̀lù náà wà lẹ́bàá ihò, funfun rẹ̀ hàn ketekete. Ó rántí Làtíìfù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgékoríko.

"Rárá, sà," ni ó wí. "Kò wọlé."

Ó fi "sà" sí i o.